Omi Díẹ̀ Tó Ṣẹ́kù Nínú Páìpù

Oòrùn ló ń pa tánkì ní Èkó. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pẹ́ nídìí títa tánkì àti páìpù ní Orílé bíi tèmi yóò sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Tánkì tí wọ́n gbé sórí òpó irin ní Mushin tàbí ní Ìyànà Ìpájà, oòrùn ni yóò máa nà án láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, títí ara rẹ̀ yóò fi gbó, tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sán níbi tí wọ́n ti lu ihò páìpù sí. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọ̀ ọ́n fi ń ra dúdú. Àwọ̀ dúdú yẹn kì í jẹ́ kí oòrùn tètè jẹ rọ́bà náà, kì í sì í jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé débi tí nǹkan aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ yẹn yóò fi máa hù sínú omi. Ọ̀rọ̀ òtútù kì í wọ̀ ọ́ rárá. Nínú ọyẹ́ tó le jù lọ lọ́dọ̀ wa, tó bá di ọ̀sán, síńgílẹ́ẹ̀tì náà ni a ó tún wọ̀.

Nítorí náà, nígbà tí àbúrò mi obìnrin fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ta tánkì, kí lẹ máa ń ṣe sí i tí omi inú rẹ̀ kì í fi í dì?", ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. A kì í ṣe nǹkan kan sí i. Ọlọ́run ló ń bá wa ṣe é.

Nọ́ọ̀sì ni àbúrò mi yìí. Irú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tó ń ṣe ní Amẹ́ríkà, kọ́ńtíráàtì ọ̀sẹ̀ 13 ni wọ́n sábà máa ń fún wọn. Ilé ìwòsàn tí òṣìṣẹ́ ò tó níbẹ̀ ni yóò gbà á. Bí ọ̀sẹ̀ 13 bá pé, ó di ẹrù rẹ̀, ó forí lé ìlú mìíràn. Owó ilé wá ń jẹ owó iṣẹ́. Ni òun àti ọkọ rẹ̀, tó wà ní Houston pẹ̀lú àwọn ọmọ, bá ra ilé orí táyà kan, èyí tí wọ́n ń pè ní RV lọ́hùn-ún. Pikọ́ọ̀pù ló ń fà á. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà níbẹ̀, firíìjì wà níbẹ̀, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà wà níbẹ̀. Bó bá ti wà ní apá gúúsù, ayé gba ibẹ̀. Àfi ìgbà tó gba iṣẹ́ ní North Dakota, ìpínlẹ̀ kan ní apá àríwá Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ìlú Williston, tó sì jẹ́ pé ìgbà òtútù ni iṣẹ́ náà bọ́ sí.

Ìlú epo ni Williston. Nígbà tí epo ibẹ̀ gbòde ní nǹkan bí ọdún 2010, àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ lọ síbẹ̀ débi pé ilé ò gbà wọ́n mọ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì fi irú ilé orí táyà yìí la ìgbà òtútù já. Nítorí náà, àṣà wà níbẹ̀, àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ wa ṣe rí: kó tó bi aládùúgbò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Èkó ló kọ́kọ́ bi.

Ní oṣù kìíní ọdún, òru lásán ní Williston máa ń tó nǹkan bí −17°C. Tí òtútù bá le gan-an, ó lè kọjá −30°C. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn túmọ̀ sí ní ara ènìyàn, kó tẹ̀lé àwọn ìyá ẹlẹ́ja lọ sí Ìjọra láàárọ̀, kó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun wọ yàrá tútù tí wọ́n ń kó títùs sí. −18°C ni wọ́n ń fẹ́ kí irú yàrá bẹ́ẹ̀ wà. Mo ti wọ ọ̀kan rí nítorí iṣẹ́ páìpù. Irun imú mi le gan-an, ojú ń ta mí, mo sì rí i pé àwọn ọmọkùnrin tó ń gbé páálí ẹja níbẹ̀ kì í dúró sọ̀rọ̀; eré ni wọ́n ń sá wọlé, eré ni wọ́n ń sá jáde. Inú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbé tánkì omi àbúrò mi sí, lábẹ́ ilẹ̀ pákó ilé rẹ̀, tí atẹ́gùn pápá ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Tánkì mẹ́ta ni irú ilé bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ní. Ọ̀kan fún omi mímọ́, ọ̀kan fún omi tí a fi wẹ̀ tí a fi fọ abọ́, ọ̀kan fún ìgbọ̀nsẹ̀. Ti omi mímọ́ tirẹ̀ gba nǹkan bíi lítà 150. Àlháájà tó ń ta táìsì ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi gbọ́ ọ, ó ní, "Lítà mélòó? Ìyẹn ò mà tó dúrọ́ọ̀mù kan!" Òótọ́ ni, kò tó o. Dúrọ́ọ̀mù tí ìyá wa ń pọn omi sí lẹ́yìn ilé nígbà tí a wà ní kékeré, ó lé ní lítà 200.

Mo bi àwọn tó mọ̀, mo sì jókòó ti ọ̀rọ̀ náà fúnra mi, nítorí ọ̀rọ̀ páìpù ni, páìpù sì ni oúnjẹ mi. Ohun tó yé mi nìyí, òun náà ni mo sì fẹ́ bá yín sọ: gbogbo ènìyàn ló ń bẹ̀rù tánkì, bẹ́ẹ̀ tánkì ló ń gbẹ̀yìn. Omi díẹ̀ ló ń ba nǹkan jẹ́, omi tí ẹnikẹ́ni ò rántí, tó ṣẹ́kù sínú ìgbọ̀nwọ́ páìpù, sínú orí pọ́ńpù, sẹ́nu fáàfù.

Ẹ wo píọ́ wọ́tà tí wọ́n jù sínú fíríísà. Kó tó dì, ó rọ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ síbí sọ́hùn-ún. Bó bá ti dì tán, ọ̀rá rẹ̀ á le gbagidi, omi inú rẹ̀ ò sì pọ̀ sí i. Àyè tó gbà ló pọ̀ sí i. Bí omi bá di yìnyín, ó ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà máa ń fà, nítorí náà ó lè gbà á mọ́ra. Ìgò ò lè gbà á, ìdí nìyẹn tí ìgò bíà fi ń fọ́ sínú fíríísà. Irin àti rọ́bà líle tí wọ́n fi ń ṣe orí páìpù náà ò lè gbà á.

Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe ibi tí yìnyín wà gan-an ni páìpù ti sábà ń bẹ́. Yìnyín á dì sí ibì kan nínú páìpù bí ìdérí, á wá máa gùn sí i, á sì máa ti omi tó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹnu ẹ̀rọ bá wà ní títì, omi yẹn ò ríbi lọ. Ipá á máa ga sí i láàárín yìnyín àti ẹ̀rọ títì, títí ibi tó rọ̀ jù á fi bẹ́, ó sì lè jìnnà sí yìnyín náà. Nítorí èyí, ẹni tó bá ti fura pé páìpù òun ti dì gbọ́dọ̀ ṣí ẹnu ẹ̀rọ náà kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn, kí omi tó há lè ríbi gbà. Ọ̀pọ̀ púlọ́ńbà tí mo mọ̀ ní Èkó, àwọn tó mọṣẹ́ dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí ò lè wá sí wọn lọ́kàn láéláé. Kí ni yóò gbé e wá?

Ẹ jẹ́ ká wá wo tánkì fúnra rẹ̀. Ooru tó gbọ́dọ̀ kúrò lára omi kó tó di yìnyín pọ̀ púpọ̀. Bí omi lítà kan bá fi ìwọ̀n 1°C tutù, ó ní ìwọ̀nba ooru tó jáde lára rẹ̀. Bí lítà kan náà bá dé 0°C tó sì fẹ́ di yìnyín tán pátá, ó tó ìlọ́po 80 ìyẹn tí yóò jáde. Lítà 150 kì í ṣe ọ̀rọ̀ òru kan, pàápàá bí wọ́n bá bo abẹ́ ilé náà. Ṣùgbọ́n páìpù tó ń gba abẹ́ ilé kọjá, onídàajì ínṣì, mítà kan rẹ̀ ò gba omi tó ìdá mẹ́jọ lítà. Kí ni ìyẹn fẹ́ fi bá òtútù −17°C jà? Kó tó jí ní òwúrọ̀, ó ti dì.

Páìpù rọ́bà tí wọ́n ń pè ní PEX ni wọ́n máa ń lò nínú ọ̀pọ̀ ilé orí táyà. Ó máa ń fà díẹ̀, nítorí náà ó lè dì kó má bẹ́. Orí tí wọ́n fi so ó pọ̀ ló ń sán. Àwo kékeré iwájú pọ́ńpù tó ń sẹ́ ìdọ̀tí náà ń sán, fáàfù ẹ̀yìn àwo ìgbọ̀nsẹ̀ náà ń sán. Páìpù méjì kan tún wà tí wọ́n fi ń da omi nù tí wọ́n yọ gba ìsàlẹ̀ ilé náà síta. Ìta gbangba ni ẹnu wọn wà, àwọn ló sì máa ń kọ́kọ́ dì. Ṣáwà ìta wà nínú àpótí kékeré lára ògiri, tí wọ́n fi ń fọ ẹsẹ̀ tó bá kún fún yanrìn. Ta ló máa rántí ìyẹn ní North Dakota? Omi ló wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́kọ́jọ́ tí pọ́ńpù bá ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ti kọ́kọ́ dojú rú, gáàsì ló fà á. Ẹ̀rọ amúlégbóná ilé rẹ̀, gáàsì ló ń lò, gáàsì sì ń jẹ owó. Ó wá ra híítà oníná kan, tí wọ́n ń gbé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá, ti wáàtì 1,500, nítorí owó tó ń san fún ọgbà tó gbé ilé orí táyà náà sí, owó iná wà nínú rẹ̀. Yàrá gbóná, ara dẹ̀. Omi ò wá lówùúrọ̀. Nínú irú ilé tirẹ̀, wọ́n fi ike pa abẹ́ ilé dé, páìpù fẹ̀ǹfẹ̀ kan wá ń gbé díẹ̀ nínú ooru ẹ̀rọ gáàsì lọ sísàlẹ̀ síbi tí tánkì àti páìpù wà. Bí yàrá bá ti gbóná pẹ̀lú híítà oníná, thermostat ara ògiri, ohun tó ń wọn ooru yàrá tó sì ń tan ẹ̀rọ gáàsì tàbí pa á, á gbà pé iṣẹ́ ti parí, kò ní tan ẹ̀rọ gáàsì, abẹ́ ilé ò sì ní rí ooru kankan gbà. Òkè ń gbádùn, ìsàlẹ̀ ń dì. Mo ní kó jẹ́ kí ẹ̀rọ gáàsì máa ṣiṣẹ́ o, kó fi híítà kékeré yẹn ṣe ìrànwọ́ nìkan. Ó kùn. Ó ní ẹni tí kì í ra gáàsì níbẹ̀ ló lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ gáàsì náà ní tirẹ̀. Propane ni wọ́n ń tà fún irú ilé bẹ́ẹ̀ níbi tó tutù, nítorí ó ṣì ń kúrò ní omi di afẹ́fẹ́ títí dé nǹkan bí −42°C. Butane, tó máa ń wà nínú gáàsì ìdáná, ń dúró sínú sílíńdà bí omi lásán tí òtútù bá ti fi díẹ̀ lọ sísàlẹ̀ 0°C. Ẹ lè ní sílíńdà kún, kí sítóòfù má tàn.

Àlháájà gbọ́ ẹjọ́ abẹ́ ilé yìí, ó ní, "Kí ló dé tí wọn ò gbé tánkì náà wọlé?" Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìyá náà ti fọwọ́ kan án. Ohun tí àwọn tó ń ṣe ojúlówó ilé orí táyà fún òtútù ń ṣe gan-an nìyẹn. Wọ́n á gbé tánkì àti fáàfù sínú ibi tí ooru yàrá ń dé, kì í ṣe abẹ́ ilé. Àwọn mìíràn kàn ń lẹ bébà sára ilé pé ó lè gba ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ọdún, kí ẹ tó dé abẹ́ rẹ̀ kí ẹ rí i pé ike lásán àti fóòmù tín-ín-rín ni wọ́n fi bò ó.

Ohun èlò tí wọ́n ń polówó jù ni páàdì tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí tánkì. Iná ló ń mú un gbóná. Àwọn kan ń lo iná bátìrì 12 fóltì, àwọn kan ń lo iná ilé. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní thermostat tirẹ̀, tó ń tan án nígbà tí ó bá lọ sí nǹkan bí 7°C, tó sì ń pa á nígbà tó bá gbóná dé nǹkan bí 18 sí 20°C. Ó dára. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ra páàdì fún tánkì tí kò ra nǹkan kan fún páìpù, owó ló fi ṣòfò. Tánkì tó lè dúró fúnra rẹ̀ ló lọ ràn lọ́wọ́, ó wá fi èyí tí kò lè dúró sílẹ̀. Okùn oníná wà tí wọ́n ń wé mọ́ páìpù, tí wọ́n á sì wá fi fóòmù bò ó. Òun ni mo ní kó kọ́kọ́ rà.

Ẹni tó bá fẹ́ fi bátìrì nìkan gbé páàdì náà, kó ṣírò rẹ̀ dáadáa bí a ṣe ń ṣírò ti inverter nílé. Ohun tó ń jẹ wáàtì 60 látàárọ̀ dàárọ̀ ti jẹ ju ẹgbẹ̀rún kan wáàtì-wákàtí lọ, bẹ́ẹ̀ òtútù fúnra rẹ̀ ń dín agbára bátìrì kù. Bátìrì líthíọ̀mù tí gbogbo ènìyàn ń sáré rà ní Èkó báyìí, kò yẹ kí wọ́n máa ṣáájì rẹ̀ nígbà tó bá wà lábẹ́ 0°C. Ó ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Nílé wa, ooru inú yàrá inverter là ń sá fún.

Bíbo abẹ́ ilé yíká ló ṣe é lóore jù lọ. Àwọn kan ń lo tapólì nípọn, àwọn kan ń lo pátákó fóòmù, àwọn kan ń wa sínóò, yìnyín fúlẹ́fúlẹ́ tó ń rọ̀ bí òjò, jọ yíká abẹ́ rẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tó há sínú sínóò kì í jẹ́ kí ooru tètè jáde. Àwọn ará oko ń to koríko gbígbẹ, ṣùgbọ́n eku fẹ́ràn rẹ̀, iná náà sì fẹ́ràn rẹ̀. Atẹ́gùn ni ọ̀tá tí wọ́n ń dínà fún. Atẹ́gùn ò lè mú kí páìpù tutù ju afẹ́fẹ́ ibẹ̀ lọ. Tó bá jẹ́ −5°C ni, −5°C ni páìpù yóò mọ. Ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kó tètè débẹ̀. Bí wọ́n bá ti pa abẹ́ ilé dé, ooru díẹ̀ tó ń jò láti òkè yóò máa dúró síbẹ̀. Mo wá kìlọ̀ fún un nípa èéfín, nítorí èmi àti ẹ̀yin la mọ iye ìdílé tí jẹnẹrétọ̀ ti pa mọ́jú ní Èkó. Kí sínóò má di ẹnu ibi tí ẹ̀rọ gáàsì ti ń tú èéfín síta, kí ẹnikẹ́ni má sì gbé jẹnẹrétọ̀ sítòsí abẹ́ tí wọ́n ti pa dé.

Ti họ́ọ̀sì tó ń gbé omi wá látara ẹ̀rọ ọgbà wá dá yàtọ̀. Họ́ọ̀sì oníná wà fún un, tí wáyà ń gba inú rẹ̀, tí wọ́n ń tì bọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀rọ tí họ́ọ̀sì náà so mọ́ gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí inú mi dùn sí ẹni tó ronú rẹ̀. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dì níbẹ̀, ó lè tó mítà kan ààbọ̀ sísàlẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà, fáàfù ẹ̀rọ yẹn ò sí lókè. Wọ́n rì í sílẹ̀, sí ìsàlẹ̀ ibi tí òtútù ń dé. Ọ̀pá gígùn kan ló so ọwọ́ tí ẹ ń gbé sókè mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti ọwọ́ náà padà, fáàfù á tì nísàlẹ̀, ihò kékeré kan á sì ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi tó kù nínú òpó yóò gba ibẹ̀ ṣàn wọ ilẹ̀. Òpó á ṣófo. Òtútù á dé, kò ní bá nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi họ́ọ̀sì tó tì lẹ́nu kejì sílẹ̀ lára rẹ̀, afẹ́fẹ́ ò ríbi wọlé, omi òpó ò ní ṣàn tán. Òpó tí wọ́n fi ọgbọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ yóò dì nítorí ènìyàn kan ò yọ họ́ọ̀sì. Aládùúgbò àbúrò mi kan, àgbàlagbà tó ti ń gbé níbẹ̀ láti ìgbà epo, ni kì í fi họ́ọ̀sì sílẹ̀ rárá. Yóò so ó, yóò rọ omi kún tánkì rẹ̀, yóò yọ ọ́, yóò gbé e kọ́ kí omi inú rẹ̀ ro dànù, yóò wá máa fi pọ́ńpù lo omi tánkì fún ọjọ́ mélòó kan. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lo omi nílé wa náà: bí omi bá dé, a ó pọn ọ́n kún, a ó sì máa lò ó díẹ̀díẹ̀. Àbúrò mi gbà á lójú ẹsẹ̀. Ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n láti Ṣómólú.

Omi ìdọ̀tí ló ṣòro fún un jù. Ní Èkó, omi balùwẹ̀ ń ṣàn lọ sí sọ́káwéè tàbí gọ́tà, a kì í ronú kàn án mọ́. Nínú ọgbà yẹn, ihò wà tí họ́ọ̀sì ìdọ̀tí ń wọ̀, ó sì wu ènìyàn pé kó ṣí fáàfù tánkì sílẹ̀, kí ohun gbogbo máa ṣàn lọ fúnra rẹ̀. Nígbà òtútù, omi tí ẹ fi ṣan ọwọ́, tó ń rìn tẹ́ẹ́rẹ́ nínú họ́ọ̀sì gígùn, kò ní dé ihò kó tó dì. Òmíràn á wá dì lé e lórí, títí họ́ọ̀sì á fi di ọ̀pá. Ti ìgbọ̀nsẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò ní ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́. Fáàfù méjèèjì ni kí wọ́n máa tì. Bí tánkì bá ti fẹ́ kún, kí wọ́n ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, kó rọ́ lọ gììrì, kí wọ́n tì í padà, kí wọ́n sì gbé họ́ọ̀sì sókè kí èyí tó kù nínú rẹ̀ tán. Bí ọwọ́ fáàfù bá sì le, kí wọ́n má fi agbára fà á, nítorí yìnyín ti mú un. Okùn rẹ̀ á já. Afẹ́fẹ́ gbígbóná láti inú ẹ̀rọ tí àwọn obìnrin fi ń gbẹ irun ni kí wọ́n fi yọ́ ọ. Kí wọ́n má gbé iná sítòsí ike.

Ìmọ̀ràn kan tún wà tí gbogbo ènìyàn ń fúnni níbi tí òtútù ò ti le jù: kí ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa kán. Nínú ilé ńlá, ó lè ranni lọ́wọ́. Nínú ilé orí táyà, omi tó ń kán mọ́jú yẹn ń kún tánkì ìdọ̀tí kékeré. Bí fáàfù rẹ̀ bá sì ṣí, ó ń lọ dì nínú họ́ọ̀sì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ tán.

Nígbà tó fẹ́ kúrò níbẹ̀, tó fẹ́ fi ilé náà sílẹ̀ lásán lọ bá ọkọ àti ọmọ fún ìsinmi, ó wá di ọ̀rọ̀ dída omi nù pátá. Níbí ni ọmọ Èkó ti ń ní ìṣòro. Ẹni tí ìyá rẹ̀ na nítorí ó da ìlàjì kẹ́ẹ̀gì omi nù, ẹ ní kó ṣí gbogbo fáàfù sílẹ̀ kó máa wo lítà ọgọ́rùn-ún bó ṣe ń ṣàn lọ sílẹ̀. Ó dà á nù. Ó dúró kí híítà omi tutù, ó ṣí ẹ̀rọ kan kí ipá inú rẹ̀ rọlẹ̀, ó yọ ìdérí ìdí rẹ̀, omi inú rẹ̀ tán. Ó pa suwíìṣì híítà náà, nítorí híítà oníná tí wọ́n bá tàn lófìfo, irin inú rẹ̀ á jó kí ẹ tó ka ení èjì. Èyí náà ń ṣẹlẹ̀ ní Èkó dáadáa. Mo ń ta irin náà.

Bẹ́ẹ̀ náà, omi díẹ̀ ṣì kù. Ó máa ń kù ṣáá. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà lé e. Èkíní, wọ́n á fi kọmpírẹ́ṣọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ gba inú páìpù, láàárín 30 sí 50 psi, wọ́n á máa ṣí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan títí afẹ́fẹ́ lásán á fi máa jáde. Fọganáísà ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà lè ṣe é, bí ìwọ̀n táyà mọ́tò náà ni. Kí ó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má bàa já orí páìpù. Èkejì ni omi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í tètè dì, tí wọ́n ń fi pọ́ńpù fà káàkiri títí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan á fi máa tú pupa jáde, tí wọ́n sì ń da díẹ̀ sínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ àti ihò ìsàlẹ̀ balùwẹ̀. Nọ́ńbà −50 tó wà lára ìgò rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti Fahrenheit, èyí tó jẹ́ nǹkan bí −46°C. Kò túmọ̀ sí pé kò ní dì rárá kó tó débẹ̀. Ó máa ń dì ṣẹ́gẹṣẹ̀gẹ tipẹ́ kó tó débẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé kò ní fẹ̀ débi tí yóò bẹ́ páìpù.

Nígbà tó dé ibí yìí, àbúrò mi dákẹ́ lórí fóònù. Propylene glycol ló wà nínú omi pupa yẹn, wọ́n sì ń lò ó nínú oúnjẹ àti oògùn. Èyí tí wọ́n ń rọ sínú mọ́tò, tó sábà máa ń jẹ́ ethylene glycol, májèlé ni. Ẹ̀yin náà á rántí "My Pikin," oògùn tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń hu eyín, ní ọdún 2008. Diethylene glycol, tí òun náà jẹ́ májèlé, ló wọ inú rẹ̀ níbi tó yẹ kí propylene glycol wà, kíndìnrín àwọn ọmọ náà sì ṣíwọ́ iṣẹ́. Ọmọ tó ju 80 lọ ló kú. Orúkọ wọn jọra, ojú lásán ò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Nọ́ọ̀sì ni, kò nílò kí n sọ fún un. Ó ní òun ti ka ara ìgò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun sì máa ṣan páìpù náà dáadáa pẹ̀lú omi tuntun kí òun tó tún fi ṣe tíì.

Ohun tó ń ṣe báyìí lójoojúmọ́, kò sí ọgbọ́n òyìnbó kankan nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti sọ pé òtútù ńlá ń bọ̀, á pọn omi sínú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin, á tò wọ́n sábẹ́ tábìlì níbi tí yàrá ti gbóná, á pa pọ́ńpù, á sì ṣí ẹnu ẹ̀rọ gbogbo. Ó ń fi abọ́ bu omi wẹ̀. Ó ní òun lọ Amẹ́ríkà láti lọ máa bu omi wẹ̀ nínú ọpọ́n. Àlháájà ní kí n bá òun kí i, pé ṣé kí òun fi agbè ránṣẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ní Houston máa ń fi ẹjọ́ yìí ṣeré, pé ti àwọn ará òkè ni. Ṣùgbọ́n kò lè fi ṣeré tán, nítorí oṣù kejì ọdún 2021 ò tíì kúrò lọ́kàn rẹ̀. Òtútù Houston lọ sí −10°C ní ọjọ́ 16 oṣù náà, iná lọ ní àìmọye ilé káàkiri Texas, páìpù tó gba inú àjà ọ̀pọ̀ ilé kọjá sì bẹ́, nítorí ooru ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ibẹ̀, bíi tiwa. Nígbà tí yìnyín yọ́, omi wá ń rọ̀ láti àjà sórí àga àti bẹ́ẹ̀dì. Ọkọ rẹ̀ ò mọ ibi tí fáàfù ilé wà lọ́jọ́ náà. Àpótí kékeré tó wà nílẹ̀ lẹ́bàá títì, níbi tí mítà omi wà, ni. Ọmọ wọn àgbà ló mọ̀ ọ́n jù báyìí. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ lórí fídíò láti North Dakota: bó ṣe ń fi kọ́kọ́rọ́ onírin ti fáàfù náà, kó wá sáré lọ ṣí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ jù lọ nínú ilé, lẹ́yìn náà kó ṣí ti òkè, kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí èyí tó kù nínú àjà lè sọ̀kalẹ̀ wá.